Obìnrin Ìrókò Tó Kúnlẹ̀ Nínú Pálọ̀ Wa

Gíga rẹ̀ kò ju ìnṣì 11 lọ. Obìnrin ni, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igbá ọlọ́mọrí kan mú níwájú ikùn, ó sì fi ọ̀já pọn ọmọ sẹ́yìn. Igi ìrókò ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kò sí ọ̀dà lára rẹ̀, kò sí fáníìṣì, wọn kò so ìlẹ̀kẹ̀ kankan mọ́ ọn. Igi ẹyọ kan ni, láti ṣóńṣó sùkú orí rẹ̀ títí dé ìtẹ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi orúnkún lé. Wọn kò lẹ ohunkóhun mọ́ ọn, àfi ẹsẹ̀ òsì ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó kán nígbà kan rí tí ẹnì kan sì fi gúlúù lẹ̀ padà. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé, wọ́n fi ọ̀bẹ fín orúkọ àti ọdún sí i: LAMIDI FAKEYE, 1984.

Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, dágbére fáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2009. Èmi kò bá a pàdé rí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo mọ̀, bí gbogbo ẹni tó bá ti dé Gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló gbẹ́ ère Odùduwà gàgàrà ibẹ̀ ní ọdún 1987. Ọdún mẹ́ta ni ère kékeré tiwa yìí fi ṣe ẹ̀gbọ́n ìyẹn. Ọwọ́ ìyá àgbà kan ní Ifẹ̀ la ti rà á, n ó sì sọ bí ọjà náà ṣe lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí ló ká mi lára jù, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣáájú.

Orí ni ojú ń kọ́kọ́ lọ bá. Ó tóbi. Tí ènìyàn bá fi ìka wọn ère náà láti òkè délẹ̀, orí àti irun nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ní agbẹ́gilére náà ṣi igi gé. Kò ṣi í gé. Bí àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe ń gbẹ́ ènìyàn nìyẹn: orí á gba ààyè tó jù, ẹsẹ̀ á kúrú, ọwọ́ á nípọn. Kì í ṣe pé wọn kò mọ bí ènìyàn ṣe ga tó. Orí ni ẹ̀dá kúnlẹ̀ yàn, orí ni à ń bẹ̀ kí ó gbè wá, agbẹ́gilére Yorùbá kò sì lè gbẹ́ ènìyàn kí ó fi ibi tí àyànmọ́ wà ṣe ohun kékeré. Ara obìnrin yìí ru orí náà láìsí wàhálà. Ọrùn rẹ̀ gùn, ó nípọn, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ọrùn ẹni tó ti mọ ẹrù rù láti kékeré.

Ẹyinjú rẹ̀ yọ síta, ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀ sì fi ìlà tó mú yí i ká. Fákẹ́yẹ kò lu ẹyinjú náà ní ihò bí àwọn agbẹ́gilére mìíràn ṣe máa ń ṣe. Ó dá a sí bó ṣe wà, ó dán, ó yípo. Nítorí náà, kò sí ibi kan pàtó tí obìnrin náà ń wò. Mo ti jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo ti jókòó sí apá òsì, mi ò rí ibi tí ojú wa ti ṣe mẹ́rin. Ètè rẹ̀ jẹ́ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó nà gbọọrọ, wọn kò sì pàdé ní igun ẹnu. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sì tíì sọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ilà pélé mẹ́ta-mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó rọra fín wọn débi pé ìka ló ń tètè mọ̀ wọ́n ju ojú lọ. Ti ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ni mi ò lè sọ. Ọmú rẹ̀ le, ó ṣóńṣó, ti ọ̀dọ́ ni. Ìfarabalẹ̀ ojú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ti sin òkú tó ti bímọ.

Sùkú ni ó dì. Gbogbo irun náà para pọ̀ lọ sókè, ó kó jọ sí àárín orí, ó sì ga. Fínfín ìlà irun yìí ló gba àkókò agbẹ́gilére náà jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, mo gbàgbọ́. Ìlà kan kò gun èkejì. Ẹ̀yìn etí, níbi tí ó dá a lójú pé ènìyàn kò ní wò, ìlà náà ṣì mọ́, ó ṣì dọ́gba. Etí fúnra rẹ̀ rọrùn, ó kàn tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí, pẹ̀lú ihò kékeré kan fún yẹtí.

Tí a bá dojú kọ ọ́ gan-an, apá ọ̀tún rẹ̀ àti apá òsì dọ́gba pátápátá: èjìká méjì, ọmú méjì, ọwọ́ méjì lára igbá, orúnkún méjì. Ó jókòó sínú ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ère Yorùbá láti iwájú nìkan lè rò pé ó le gbagidi. Ẹ yí i padà. Láti ẹ̀gbẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú, ọmú tún yọ, igbá tún yọ jù wọ́n lọ; ní ẹ̀yìn, sùkú yọ, orí ọmọ yọ, ìdí yọ. Ohun tó ń yọ níwájú ń dá ohun tó ń yọ lẹ́yìn lóhùn, ìdí nìyẹn tí ère kékeré tó gbé ẹrù méjì kò fi ṣubú. Mo ti gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ mi: kò tẹ̀ síbì kan.

Ọmọ ẹ̀yìn nìkan ló ṣe ohun tó wù ú. Gbogbo ara ìyá dojú kọ iwájú, ọmọ sì yí orí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fara ti ẹ̀yìn ìyá. Èmi tí mo ti pọn ọmọ, mo mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Mo mọ bí ó ṣe ń gbóná sí ènìyàn lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ya sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ìyá, ọ̀kan hàn díẹ̀ ju èkejì lọ, ọ̀já sì kọjá lábẹ́ ìdí rẹ̀ wá síwájú, ìyá so ó lókè ọmú bí ìyá ọlọ́mọ tuntun ṣe ń so ó kí ó má baà tú. Ẹni tó gbẹ́ eléyìí ti jókòó ní ibì kan wo obìnrin bí ó ti ń pọn ọmọ. Ó ti wo bí ó ṣe tẹ̀ síwájú, bí ó ṣe ju ọmọ sẹ́yìn, bí ó ṣe fi ìgbọ̀nwọ́ tì í kí ó tó fa ọ̀já. Kò sí ìwé tí wọ́n lè gbé fún un kà tó lè fi ìyẹn hàn án.

Nísàlẹ̀, ìró tó ró kò ju bátànì kan lọ: onígun mẹ́ta kéékèèké tí wọ́n tò tẹ̀léra wọn yí ìdí ká. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí wọ́n gbẹ́ sí i lára hàn díẹ̀ lókè ìró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́ rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ yí sókè, ó sì gbẹ́ ìka ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìka ẹsẹ̀ tí ó jẹ́ pé àfi kí ènìyàn gbé ère náà yí sẹ́yìn kí ó tó rí i!

Àwọn agbẹ́gilére ìhà Èkìtì ní orúkọ fún ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà lọ láti orí ìtì igi títí ó fi di ère, Fadá Kevin Carroll tó bá wọn gbé sì kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀. Ọnà lílé ló ń ṣáájú: àáké ni wọ́n fi ń ṣá igi náà títí a ó fi mọ̀ pé orí rè é, àyà rè é, ẹsẹ̀ rè é. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àlétúnlé: imú á yọ, apá á kúrò lára ikùn, ọmọ á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìyá. Dídán ló tẹ̀ lé e. Fínfín ló kẹ́yìn, nígbà tí irun, ilà ojú, bátànì aṣọ àti ìka ọwọ́ ń wọlé. Mo mẹ́nu ba ìwọ̀nyí nítorí pé gbogbo wọn wà lára obìnrin yìí tí a bá mọ ibi tí a ó wò. Lábẹ́ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ojú àáké wà níbẹ̀, kò pa á rẹ́. Ó jinlẹ̀, ó ya gba ẹ̀gbẹ́. Láàárín igbá àti ikùn, níbi tí ọ̀bẹ kò ti lè wọlé dáadáa, igi náà ṣì wà bí àlétúnlé ṣe fi í sílẹ̀, ó rí gbágungbàgun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èjìká ti gba dídán. Irun ti gba fínfín.

Ibi dídán yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ pa èjìká rẹ̀, mo rò pé yóò dán bí ẹsẹ̀ àga tí káfíńtà ti fi sáńpépà há. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ ló fi dán an, ọ̀bẹ sì ń fi ojú pẹlẹbẹ kéékèèké sílẹ̀ níbikíbi tó bá gbà kọjá. Lọ́sàn-án, a kì í rí wọn. Ní àárọ̀, tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo èjìká náà á yọ ojú ọ̀bẹ síta, wẹ́wẹ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí dé ọrùn. Ènìyàn lè fi ìka tọ ipa wọn, kí ó mọ ibi tí ọwọ́ ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti gbé ọ̀bẹ sókè. Mo mọyì rẹ̀ ju ère tó dán yinrin yinrin tí wọ́n ń tà fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn ti pa ọwọ́ ẹni tó ṣe é rẹ́.

Ọwọ́ tí mo ń wí yìí ní ìtàn. Ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí Fákẹ́yẹ sí ní Ìlá, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ mú àáké. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì, Fadá Carroll wà lára wọn, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, wọ́n sì pe àwọn ọlọ́nà ilẹ̀ Yorùbá jọ láti máa ṣiṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọnà tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé. Ọ̀kan nínú wọn ni Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Ọ̀sì. Ẹni tó bá mọ ère Yorùbá mọ Àrẹògún: ilẹ̀kùn ààfin, òpó, ère Epa tó kún fún ènìyàn àti ẹṣin. Ó kú ní ọdún 1954. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Lamidi lọ kọ́ṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ igi gbẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́. Nínú ojú obìnrin tiwa yìí, ìpéǹpéjú tó mú yẹn, bí etí ṣe rọrùn, bí ìlà irun ṣe dọ́gba, ẹ̀kọ́ Ọ̀yẹ́ ni mo ń rí níbẹ̀.

Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ. Lọ́wọ́ àwọn Kátólíìkì ló ti gba iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sì jẹ́ ọmọ ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbẹ́ ère fún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Kò rí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ lé èkejì jáde. Ìlú tí wọ́n bí wa sí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ń lọ mọ́ṣáláṣí, àbúrò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà ń bọ Ọ̀ṣun, inú agboolé kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ní ọdún 2006, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ pé ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ènìyàn tí ìmọ̀ ọwọ́ wọn jẹ́ ìṣúra tó ṣì wà láàyè. Ó tọ́ sí i.

Ìyá tó ta ère náà fún wa ń kó kúrò ní Ifẹ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Àbújá. Olùkọ́ yunifásítì ni ọkọ rẹ̀, ó ti di olóògbé. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi pé Màmá ní ère kan tí wọn kò fẹ́ kó dé Àbújá, nítorí àwọn ọmọ ti ní àwọn kò ní gbà á sílé. Nígbà tí mo dé, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n dìde.

“Ọmọ mi, jókòó. Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà. Ẹ ṣé, mà.”

Wọn kò gbọ́. Àfi ìgbà tí mo jẹ ẹ̀bà tán kí wọ́n tó wọ yàrá lọ gbé e jáde. Wọ́n fi ògbólógbòó aṣọ òkè kan wé e, wọ́n sì rọra tú u lórí itan wọn bí ẹni ń tú aṣọ ọmọ. Mo ti ka ohun tí mo lè kà nípa iṣẹ́ Fákẹ́yẹ kí n tó lọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ère ló ń gba ọjà kiri tí wọ́n kọ orúkọ olókìkí sí lábẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀bẹ lè fín orúkọ ẹlòmíràn sí igi. Nítorí náà, mo gba àṣẹ, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wo ẹ̀yìn etí. Mo wo ìka ẹsẹ̀. Mo wo inú lẹ́tà orúkọ náà bóyá igi inú rẹ̀ funfun ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ìrókò tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń mọ́lẹ̀, ọjọ́ tó bá ṣe ló ń dúdú. Inú lẹ́tà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà. Màmá ń wò mí.

“Ojú mi báyìí ni bàbá àwọn ọmọ mi ṣe san owó rẹ̀,” ni wọ́n wí. “Bàbá Fákẹ́yẹ fúnra wọn ló gbé e wá sílé. Wọ́n jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn. Ọmọ wa àkọ́kọ́ ló já a lulẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn fi kán, ilé ò gbà wá lọ́jọ́ náà.”

Wọ́n tún mú fọ́tò kan jáde, pálọ̀ kan náà ni, ère náà wà lórí tẹlifíṣọ̀n onípákó, ọmọdé mẹ́ta tò síwájú rẹ̀. Fọ́tò yẹn dá mi lójú ju orúkọ abẹ́ igi lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí n fi fóònù yà á, wọ́n gbà.

Nígbà tí a dé orí owó, wọ́n pe iye kan tí ó tó ra fíríìjì tuntun. Mo ní, “Màmá, ẹ bá mi wò ó, mà.”

Wọ́n gbé ère náà sókè, wọ́n nà án sí mi. “Ìwọ náà wò ó.”

Mo wò ó, mo sì san owó náà pé. Kì í ṣe pé n kò mọ ọjà ná. Ìyá yẹn ti gbé e pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí àwọn ènìyàn ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jó o, mi ò sì rí ibi tí n ó ti já owó kúrò níbẹ̀. Oníṣòwò kan láti Èkó ti wá ṣáájú mi, owó rẹ̀ ju tèmi lọ, Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń kánjú, kò sì béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Bí ó ti ga tó ló béèrè, àti bóyá ó ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ oníṣòwò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun yóò rí ère Yorùbá rẹpẹtẹ tí wọ́n kọ “a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ” sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ní ìlú tí wọ́n ti gbé e, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ agboolé rẹ̀, wọ́n ń kì í ní oríkì, ọba ń ránṣẹ́ pè é, ó lè fi ọdún gbé ní ààfin tí wọn yóò máa bọ́ ọ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún Ọ̀gọ̀gà Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà dé ibi ìpàtẹ ńlá Wembley ní London ní ọdún 1924, ó sì wà ní British Museum títí di òní. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún ọba. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ bí irú èyí rìnrìn àjò, orúkọ ẹni tó ṣe é sì jókòó sílé. Fákẹ́yẹ wà lára àwọn tó kọ orúkọ ara wọn sábẹ́ igi, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àwáwí wí.

Nílé wa, orí àpótí ìwé ni ère náà wà, ní ìwọ̀n ibi tí ojú ẹni tó jókòó lè dé láìgbójú sókè. Ọkọ mi fẹ́ kí a gbé e sínú àpótí onígíláàsì. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ère tí a kò lè fọwọ́ kàn, ìdajì rẹ̀ la ń rí. Àwọn ọmọ mọ̀ pé wọ́n lè gbé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì ni wọn yóò fi gbé e, ìdí rẹ̀ ni wọn yóò sì dì mú, kì í ṣe orí. Mo gbé e jìnnà sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé tààrà, mo sì gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí igi tó ń gbóná tó tún ń tutù láìròtẹ́lẹ̀ á sán. Ó ti sán níbì kan tẹ́lẹ̀: ìlà tín-ín-rín kan wà láti abẹ́ apá ọ̀tún lọ sí ìbàdí. Sísán àtijọ́ ni, nígbà tí igi náà ń gbẹ ni, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì fẹ̀ sí i láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi ń gbọn eruku rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní kí n fi òróró pa á kí ó lè máa dán. Mi ò ní ṣe é láé, òróró á fa eruku wọ inú fínfín irun yẹn, kò sì ní jáde mọ́. Ní ti ikán, ìrókò kì í ṣe igi tí ikán ń sáré lọ bá, síbẹ̀ mo máa ń gbé e kúrò lórí àpótí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wò bóyá ìyẹ̀fun igi wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láìpẹ́ lẹ́yìn tí ère náà dé ilé. Onígbàgbọ́ paraku ni wọ́n, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ bò. Bí wọ́n ti jókòó ni wọ́n nàka sí i.

“Kí lẹ̀ ń bọ báyìí?”

“A ò bọ nǹkan kan, Màmá. Iṣẹ́ ọnà ni. Bàbá kan tó ti kú ló gbẹ́ ẹ.”

“Gbogbo èyí tí wọ́n ń bọ náà, ènìyàn ló gbẹ́ ẹ.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì jiyàn. Ọwọ́ àwọn kan náà ló ń gbẹ́ èyí tí wọn yóò ta ẹ̀jẹ̀ sí lára àti èyí tí wọn yóò gbé síwájú àlejò láti fi gbé obì kalẹ̀. Ohun tí ilé bá fi ère ṣe ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sí àmì kankan lára igi tó lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n mo rí i tí Màmá ń wò ó láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ba.

“Ọ̀já yìí ti sọ̀ sílẹ̀ jù lẹ́yìn,” ni wọ́n wí. “Ọmọ yìí á yọ̀.”

Mo wò ó dáadáa. Òótọ́ ni. Ọ̀já náà lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́yìn, ẹ̀yìn ọmọ sì yọ síta lókè rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọmọ náà rí ààyè yí orí sí ẹ̀gbẹ́. Mo ti wo ère yẹn ní àárọ̀, mo ti wò ó ní alẹ́, mo ti fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ìyá tó tọ́ ọmọ márùn-ún ló fi ìyẹn hàn mí. Tí wọ́n bá ń gbàdúrà ní pálọ̀ wa, wọ́n ṣì máa ń kọ ẹ̀yìn sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ, wọ́n á tún yà síbẹ̀ wò ó.

Owó tó jáde lọ́wọ́ wa fún ère yìí, ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Àbújá ló wà. Kò kan agbẹ́gilére kankan. Inú mi kò dùn sí apá yẹn, nítorí àwọn tó ń di àáké mú ní Ifẹ̀ àti Ìlá lónìí ṣì wà níbẹ̀, tábìlì àti ilẹ̀kùn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe láti rí oúnjẹ jẹ. Mo ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí Fákẹ́yẹ kọ́ níṣẹ́. Onílù ni mo fẹ́ kí ó gbẹ́ fún wa, kí gíga rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti obìnrin yìí. Ó béèrè bóyá dùndún ni àbí bàtá, mo ní dùndún. Ó béèrè bóyá mo fẹ́ kí ó fi sáńpépà há a kí ó lè dán, mo ní kí ó má ṣe dán an wò. Mo ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ketekete, orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, kí ó sì kọ ọdún. Mo ti san àsanlẹ̀. Igi apá ló ní òun fẹ́ lò, lẹ́yìn Iléyá ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé e.